Elégédé tí Ilé Bàbá Mi Kì í Jẹ

Mo máa ń jẹ elégédé. Ẹni tí kò bá mọ ilé bàbá mi ní Ìgànná, ní ìhà Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí à ń jẹ́rìí lé lórí. Nínú agboolé wa, bí àlejò bá gbé elégédé wá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa gbà á, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì gbé e fún ará ilé kejì kí ó tó kan ilẹ̀ ilé ìdáná. Kò sí ìkòkò kan nínú ilé yẹn tó gbóòórùn rẹ̀ rí. Èmi dàgbà níbẹ̀, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo sì jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ débi pé mo ń gbin oríṣiríṣi rẹ̀ lẹ́yìn ilé mi ní Ṣàkẹ́tẹ́, tí àwọn aládùúgbò fi ń pè mí ní Ìyá Elélégédé. Bàbá mi filẹ̀ bora láì mọ̀.

Ní ìjọ Sẹ̀lẹ́ tí mò ń lọ, tí wọ́n bá ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, ẹni tó rí físà á jáde, ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò á jáde. Èmi kì í jáde. Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ Ifá kò ṣeé gbé dé iwájú pẹpẹ, ọ̀rọ̀ ìjọ náà kò sì ṣeé gbé dé ilé Bàbá. Ibi tí mo ti lè sọ ọ́ rèé.

Nígbà tí wọ́n tẹ bàbá mi nífá, Ọ̀bàrà Méjì ló jáde. Ẹni tó bá mọ Ọ̀bàrà ti mọ ibi tí mò ń lọ. Àwọn Odù mẹ́rìndínlógún lọ kí Olófin. Nígbà tí wọ́n ń múra àtilọ, elégédé ni Olófin kó fún wọn. Inú bí wọn. Wọ́n ní irú ẹ̀bùn wo ni wọ́n ń fún àgbààgbà yìí. Wọ́n yà nílé Ọ̀bàrà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo jù nínú wọn, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì da elégédé wọn sílẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí ebi pa Ọ̀bàrà àti aya rẹ̀ tí kò sí ohun tí wọ́n máa gbé kaná, wọ́n la ọ̀kan nínú elégédé náà. Owó àti ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn. Ibòmíràn lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ohun tí bàbá mi ń fà yọ nínú ìtàn náà kò gùn: ẹni tí elégédé sọ di ènìyàn kì í fi eyín pa elégédé.

Èmi náà ń bá wọn pa á mọ́, títí mo fi dé ilé ọkọ.

Gbọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ mú mi. Ìyá ọkọ mi, ọmọ Takon ni wọ́n, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí wọ́n má se gbọ̀rọ̀. Wọ́n á já orí ìtàkùn elégédé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nà, pẹ̀lú ewé tó ṣì rọ̀ lára rẹ̀. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa fa awọ tín-ín-rín ara igi ewé náà láti ìdí dé ibi tí ewé ti bẹ̀rẹ̀, nítorí irun tó wà lára rẹ̀ máa ń ha ọ̀fun bí a kò bá bó o. Wọ́n á gé e, wọ́n á bọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó dà á sínú ata, epo pupa, irú àti ẹja gbígbẹ. Ẹ̀gúsí ló máa ń kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún mi, mo wo ọbẹ̀, mo wo ojú wọn.

“Ìyàwó, ṣé wọn kì í jẹ gbọ̀rọ̀ nílé yín ni?”

“À ń jẹ ẹ̀fọ́, Màámi.”

Mo jẹ ẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ewé kọ́ ni Olófin kó fún àwọn Odù, èso ni. Àwáwí yẹn gbé mi dé ìgbà tí mo bímọ. Nígbà yẹn, Màámi se elégédé mọ́ ẹ̀wà fún mi, iyọ̀ díẹ̀, ata díẹ̀, epo tó kàn pọ́n ọn lójú, mo sì ti jẹ ẹ́ tán kí n tó rántí pé ó yẹ kí n wá àwáwí mìíràn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń lọ kí Bàbá ní Ìgànná, orógbó ni mo máa ń jẹ lórí ọ̀kadà tí a ń pè ní zémí láti Ṣàkẹ́tẹ́ títí a ó fi wọ Pọ́bẹ̀, kí òórùn kankan má baà kù lẹ́nu mi. Ta ló ń gbóòórùn elégédé lẹ́nu ènìyàn? Kò sí. Mo ṣá ń jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Faransé wá ṣọdún Kérésìmesì nílé. Ó kó irúgbìn wá fún mi nínú àpò bébà pẹlẹbẹ tí wọ́n ya àwòrán èso sí. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọgbà. Kò mọ̀ pé ọ̀nà àbáyọ ló kó wá. Lójú mi, ohun tí wọ́n ń pè ní potimarron, butternut tàbí courgette kì í ṣe elégédé. Orúkọ wọn kò jọ ọ́, àwọ̀ wọn kò jọ ọ́, Olófin kò sì mọ̀ wọ́n. Mo lè gbìn wọ́n, kí n sè wọ́n, kí n tilẹ̀ gbé wọn dé Ìgànná pàápàá. Èyí ló sọ mí di ẹni tó ń fi irú kan wé irú kejì. Bí kò bá sí èèwọ̀ yẹn, elégédé Màámi ì bá tó mi títí ayé.

Kí n sọ nípa ilẹ̀ kí n tó sọ nípa èso. Ní Ṣàkẹ́tẹ́, ilẹ̀ pupa la ní, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre. Ó jìn, kì í dá omi dúró, ìtàkùn sì máa ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀ bí a bá ti fún un ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ilẹ̀ ààtàn. Bí a bá kọjá Pọ́bẹ̀ lọ sí ìhà Issaba, ilẹ̀ dúdú amọ̀ ti àfonífojì Lama ló wà níbẹ̀. Omi máa ń dúró lórí rẹ̀ nígbà òjò, ìdí elégédé á sì rà bí kò bá sí lórí ebè gíga. Òjò méjì là ń rí lọ́dún: èyí àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta sí oṣù keje, àrọ̀kúrò láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá. Ẹ̀yìn àpò irúgbìn àbúrò mi ní kí n dúró kí òtútù lọ kí n tó gbìn. Òtútù wo? Ẹni tó kọ ọ́ kò dé Ṣàkẹ́tẹ́ rí.

Courgette ló kọ́kọ́ dáhùn. Kì í nà lọ bí ìtàkùn. Ojú kan ló máa ń dúró sí, láàárín 50 sí 60 ọjọ́, ó ti ṣeé ká. Màámi wò ó, wọ́n ní kí ló dé tí a fi ń ká ọmọdé. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí kékeré ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Bí ènìyàn bá gbójú kúrò lára rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á wú, inú rẹ̀ á sì di kóró àti omi. Kò pẹ́ tí eruku funfun fi bo ewé rẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ìsàlẹ̀. Àwọn olùgbìn ewébẹ̀ ní Kùtọnu lè máa gbé omi àti oògùn tẹ̀lé irú nǹkan báyìí lójoojúmọ́, torí pé wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń tà á fún. Èmi kò ní.

Èyí tí wọ́n ń pè ní spaghetti tẹ̀lé e. Bí a bá sè é, inú rẹ̀ á máa yọ ní fọ́nrán fọ́nrán, àwọn ọmọ sì fi rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín ni èrè tó pọ̀ jù tí mo rí lórí rẹ̀, nítorí eṣinṣin ló jẹ ìyókù.

Rouge vif d'Étampes lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń pe àwọn ènìyàn wá wò ó. Ìlú kan tí kò jìnnà sí Paris ló fún un ní orúkọ. Ó pọ́n, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ara rẹ̀ pín ní ìlà ìlà. Ewé rẹ̀ fẹ̀, kò ní ìka. Ṣùgbọ́n ooru wa kò bá a lára mu: òdòdó abo á yọ, ọmọ inú rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á já bọ́. Àwọn tó dúró kò pọ̀, nígbà tí mo sì sè wọ́n, omi ló kún inú wọn. Ọbẹ̀ lílọ̀ ni àwọn Faransé ń fi ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tí yóò sè mọ́ ẹ̀wà kò gbọdọ̀ fi ojú ẹwà yan elégédé.

Potimarron yàtọ̀. Kékeré ni, ìwọ̀n kìlógíráàmù kan sí méjì, pupa rúsúrúsú, a sì lè jẹ tòun tèèpo. Inú rẹ̀ gbẹ, ó dùn, ó sì ní ìyẹ̀fun. Màámi tọ́ ọ wò, wọ́n ní ọ̀dùnkún ni. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpò, òun ni mo rò pé màá gbé dé Ìgànná.

Ìgbà náà ni butternut so. Ọlọ́rùn gígùn, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ògì bàbà, kóró rẹ̀ kò kọjá ìdí tó wú, gbogbo ọrùn náà ẹran ni. Ìtàkùn rẹ̀ gun ọgbà, ó gun ilé adìẹ, ooru kò ṣe é ní nǹkan. Ó tó 100 sí 110 ọjọ́ kó tó gbó, ṣùgbọ́n ní àsìkò yẹn tí àwọn tó kù ti ń kú, òun ṣì ń tanná. Ó dùn ju gbogbo wọn lọ. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti lọ́kọ.

Ọkàn náà kò balẹ̀ pẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kétu gba yàrá ní àdúgbò wa nígbà ìsinmi. Ó bá mi níbi tí mo ti tẹ́ àwọn èso náà sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń to àwọn aláwọ̀ kan náà pa pọ̀.

“Màmá, ẹ má wo àwọ̀. Ẹ wo ọrùn.”

Ó gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ibi tí èso ti so mọ́ ìtàkùn hàn mí. Ti Étampes àti potimarron rọ̀, ó yípo, ó nípọn, ó sì gbẹ bí a bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Irú èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní maxima. Ti courgette àti spaghetti le, ó ní igun márùn-ún, kò sì fẹ̀ níbi tó ti kan èso. Pepo nìyẹn, ewé rẹ̀ sì máa ń gún ni lọ́wọ́. Ó wá gbé butternut. Ọrùn tirẹ̀ le, ó ní igun, ṣùgbọ́n níbi tó ti kan èso, ó là ó sì fẹ̀ bí ẹsẹ̀ adìẹ tó tẹlẹ̀. Moschata. Ó wo yíká, ó gbé ọ̀kan nínú elégédé Màámi tó wà lẹ́bàá ògiri, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ adìẹ ni. Ó fà mí lọ síbi ìtàkùn méjèèjì: ewé méjèèjì rọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ní àbàwọ́n funfun níbi tí iṣan ti pínyà.

“Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, Màmá. Elégédé ilé yín ni butternut yìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kàn tún un ṣe.”

Òtítọ́ ló sọ. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni wọ́n ti ṣe butternut jáde ní àwọn ọdún 1940, èyí tí wọ́n ń pè ní Waltham sì gba àmì ẹ̀yẹ irúgbìn ní Amẹ́ríkà ní 1970. Elégédé tí wọ́n ń rọ sínú agolo lọ́hùn-ún tún jẹ́ moschata, nígbà tó jẹ́ pé èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lára nígbà Halloween, pepo ni. Maxima ló ń gba ìdíje títóbi: ní 2023, wọ́n wọn ọ̀kan ní Half Moon Bay ní California tó lé ní kìlógíráàmù 1,200. Ta ló máa jẹ ẹ́?

Mo wá ṣe òfin tuntun fún ara mi. Maxima dára, pepo dára, moschata ni èèwọ̀. Òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí pé èyí tí mo kà léèwọ̀ ló dùn jù. Nígbà tí mo rí i pé mo tún ti ń jẹ orógbó lórí zémí, mo di butternut kan, potimarron kan àti elégédé Màámi kan sínú àpò, mo sì gbé wọn tọ àbúrò bàbá mi lọ, babaláwo ni wọ́n, ní Ìgànná. Bàbá ti kú nígbà yẹn. Ẹ̀yìn agboolé ni mo gbà wọlé.

Wọ́n ní kí n tẹ́ wọn sórí ẹní. Wọ́n yí wọn padà, wọ́n fi àtàǹpàkò kan ìdí wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọrùn líle àti ọrùn rírọ̀.

“Àbẹ̀kẹ́, ìtàkùn ló bí gbogbo wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ọ̀bẹ la fi ń là wọ́n?”

“Ọ̀bẹ ni.”

“Kóró wà nínú wọn?”

“Ó wà, Bàbá.”

“Elégédé ni gbogbo wọn.”

Mo dákẹ́. Àwọn náà dákẹ́, wọ́n ń wá tábà wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ta ni wọ́n tẹ̀ nífá, èmi àbí bàbá mi. Mo ní Bàbá ni. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbá ló ni èèwọ̀, àwa ọmọ ń bá wọn pa á mọ́ nítorí pé inú ilé wọn la ti ń jẹun. Wọ́n ní kí n má sè é nínú ilé yẹn, kí n má sì fi abọ́ ilé yẹn bù ú. Ní ti ilé ọkọ mi, wọ́n ní ẹnu mi ló ni mí. Wọ́n sì ní kí n kó ẹrù mi kúrò lórí ẹní wọn.

N kò lè lọ láì bi wọ́n ní ohun kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin Kétu sọ fún mi. Ó ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo ìdílé elégédé yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní Mexico, nínú ihò àpáta kan ní Oaxaca, wọ́n rí kóró pepo tí àwọn ènìyàn ti gbìn ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Tiwa tó wà níhìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ ni igbá àti ẹ̀gúsí. Elégédé kọjá òkun wá lẹ́yìn tí Columbus ti dé ọ̀hún ní 1492. Kí ni Ọ̀bàrà là nígbà náà? Bàbá kékeré wò mí títí.

“Ṣé àgbàdo kò sí nínú Ifá?”

“Ó wà níbẹ̀, Bàbá.”

“Níbo ló ti wá?”

Ọ̀hún kan náà ni. Wọ́n ní Ifá kì í lé àlejò tó bá mú oúnjẹ wá.

Mo máa ń ronú nípa ọ̀rọ̀ yìí bí mo bá ń ro ìdí elégédé. Ohun ọ̀gbìn yìí ti Amẹ́ríkà wá bá wa, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wa láti etíkun Ouidah àti Àjàṣẹ́ lọ bá a níbẹ̀. Ní Cuba, Ọ̀ṣun ló ni elégédé, àwọn ọmọ rẹ̀ kan kì í jẹ ẹ́. Àwọn àwòrò ibẹ̀ náà ṣì ń sọ ìtàn Ọ̀bàrà pẹ̀lú elégédé rẹ̀. Ní Haiti, níbi tí Nago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá, ti jẹ́ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ìran òrìṣà wọn, ọbẹ̀ elégédé tí wọ́n ń pè ní joumou ni gbogbo ilé ń sè ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, torí pé ọjọ́ yẹn ní 1804 ni wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá kì í jẹ́ kí ẹrú fẹnu kàn án. Ní oṣù kejìlá 2021, UNESCO kọ ọbẹ̀ náà mọ́ àwọn ogún tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ẹnì kan tí wọ́n fi dù láti ìta, ẹnì kan tó fi du ara rẹ̀ láti inú: ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, n kò sì fẹ́ pa á pọ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́ pé nígbà tí àbúrò mi ka ìròyìn náà fún mi lórí fóònù, mo lọ sè é lọ́jọ́ náà, n kò sì wá orógbó.

Láti ìgbà tí ọkàn mi ti fúyẹ́ ni mo ti ń gbìn wọ́n fún ohun tí wọ́n jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ju ẹyọ kan lọ, ọ̀rọ̀ irúgbìn ni kó kọ́kọ́ gbọ́. Butternut àti elégédé ìbílẹ̀ máa ń gba ara wọn, oyin ló ń ṣe alárinà wọn. Èso ọdún yìí kò ní yí padà, kóró inú rẹ̀ ló ti gba àdàlù. Bí ẹ bá gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lè rí èyí tí kò ní ọrùn tí kò sì rí róbótó. Potimarron kì í sábà dà pọ̀ mọ́ àwọn méjèèjì, nítorí náà ó lè wà nítòsí wọn.

Kí àdàlù yìí má baà wáyé, èmi máa ń so òdòdó. Ní ìrọ̀lẹ́, màá wá òdòdó abo tí yóò là lọ́jọ́ kejì: orí rẹ̀ ti ń pọ́n, kò tíì ṣí, ọmọ elégédé kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Màá fi òwú so ẹnu rẹ̀. Akọ kò ní ọmọ nísàlẹ̀, igi tín-ín-rín gígùn ló dúró lé. Màá so òun náà. Ní ìdájí, kí oyin tó jí dáadáa, màá já akọ, màá ya aṣọ òdòdó rẹ̀ dànù títí yóò fi ku ọ̀pá àárín tí ìyẹ̀fun wà lára rẹ̀, màá tú abo, màá fi ìyẹ̀fun náà pa inú rẹ̀ jẹ́jẹ́, màá sì tún un so. Okùn pupa tí mo bá so mọ́ ọrùn rẹ̀ ló ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ká a. Kó tó di agogo mẹ́wàá, gbogbo òdòdó ti pa ojú dé, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí.

Eṣinṣin ni ọ̀tá. Ó máa ń gún ọmọ èso, ó máa ń yé ẹyin sínú rẹ̀, kí ènìyàn tó mọ̀, ìdin ti sọ inú rẹ̀ di omi. Eérú tí mò ń fọ́n sórí ewé máa ń lé àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé díẹ̀, kò ṣe nǹkan kan fún eṣinṣin. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni bébà: bí òdòdó bá ti rọ lórí ọmọ èso, màá fi bébà sìmẹ́ńtì wé e títí awọ rẹ̀ yóò fi le. Èyí tó bá rà, ẹ má fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò jíjìn kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Elégédé Màámi ló ń fara da eṣinṣin jù. Mi ò ní kí a kó gbogbo ìyìn fún ohun ìbílẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ti wa; èyí tí mo bá lẹ́yìn ilé ni mò ń sọ.

Ìpamọ́ náà ńkọ́? Elégédé àrọ̀kúrò tí Màámi bá ká pẹ̀lú ọrùn rẹ̀, tí wọ́n sá sóòrùn fún ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n sì gbé sórí àjà tí èéfín ti ń kọjá, máa ń bá òjò tuntun láyé. Butternut ń sún mọ́ ọn. Potimarron kì í tó bẹ́ẹ̀, Étampes kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ti gbọ̀rọ̀, kò sí ìdíje: ewé pepo gún jù, ti maxima nípọn, ti ìbílẹ̀ ni ewé ọbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ń já orí rẹ̀, ẹ̀ka ló ń yọ.

Kí n kìlọ̀ ohun kan. Elégédé èyíkéyìí tí ẹ bá sè, tí ẹ tọ́ wò, tó korò, ẹ dà á nù, ẹ má fi iyọ̀ tàbí ata bò ó. Oró ni ìkorò yẹn, iná kì í pa á. Àwa tí a mọ ẹ̀gúsí bàrà mọ̀ pé wọn kì í jẹ inú rẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ jù nínú àwọn pepo tí wọ́n tọ́jú irúgbìn wọn lẹ́bàá àwọn tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà.

Ta ló wá ń tọ́jú irúgbìn elégédé wa? Ní Pọ́bẹ̀ wa níbí, láti 1922 ni àwọn Faransé ti dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀, ó sì wà títí di òní. Ní yunifásítì Abomey-Calavi, Enoch Achigan-Dako àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀wé nípa ẹ̀gúsí. Ní ti elégédé ilé wa, inú ìṣà àti ìgò àwọn ìyá ọkọ ni mo ti bá irúgbìn rẹ̀, tí wọ́n ń yan èyí tó dára lọ́dọọdún. Bí Màámi bá la èyí tó dùn, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ yan kóró rẹ̀ jẹ. Eérú ni wọ́n ń fi pa á, kí wọ́n tó dé e. Ẹ lọ bi ìyá ọkọ yín léèrè kóró wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.

Bí ààyè ìtàkùn kan ṣoṣo ni ẹ ní lẹ́yìn ilé, ti ìbílẹ̀ ni kí ẹ gbìn. Bí ó bá tó méjì, ẹ fi potimarron kún un, yóò fún yín ní ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ jẹ. Bí ó bá tó mẹ́ta, ẹ gbin butternut, kí ẹ sì so òdòdó rẹ̀. Courgette, ẹ lọ rà á ní Kùtọnu.